Etí Tí Kò Ṣeé Gé Dànù

Bí ẹ bá dé Computer Village ní Ìkẹjà, níbi tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ti jókòó lẹ́sẹẹsẹ, ẹ wo orí tábìlì ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ ó rí okùn irin funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ká jọ, tí gbogbo wọn ń pè ní léèdì. Bí irin gbígbóná bá ti kàn án, á yọ́, á ṣàn síbi tí wáyà ti já, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti dì padà, fóònù tó kú sì ti jí. Tánganran ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú okùn yẹn. Irin yìí kan náà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ òkè Jọ́ọ̀sì yánnayànna láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, tí rélùwéè sì wá ń kó o lọ sí Port Harcourt nígbà tó yá, kí ọkọ̀ òkun tó gbé e dé ìlú òyìnbó. Bó ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń díye lé e.

Tánganran tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wúwo rárá. Abala kan ṣoṣo ni, nínípọn rẹ̀ kò ju átọ́ọ̀mù kan lọ, stanene sì lorúkọ rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí àwọn onímọ̀ físíìsì àti àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti ń lé e kiri, nítorí ìṣirò fi hàn pé bí a bá lẹ átọ́ọ̀mù mìíràn mọ́ ọn lójú àti lẹ́yìn, àárín rẹ̀ kò ní gba iná láyè láti kọjá, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ á máa gbé iná lọ, kò sì ní sí ìdọ̀tí lásán tó máa dá iná náà padà. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ohun tí a lẹ̀ mọ́ ara nǹkan lè pinnu ohun tí etí rẹ̀ á máa ṣe. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ tọ̀ débi tó bá dé.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí ooru. Iná tó ń lọ nínú wáyà, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń rìn níbẹ̀, wọn kì í sì í rìn geere. Wọ́n ń kọ lu átọ́ọ̀mù tó ń gbọ̀n, wọ́n ń kọ lu àbùkù inú irin. Òmíràn á yà, òmíràn á pẹ̀yìn dà pátápátá. Agbára tó bá ṣòfò níbi ìkọlura yìí ló ń di ooru tí fóònù fi ń gbóná lọ́wọ́ yín. Bí wáyà inú ṣíìpù bá sì ṣe ń tín-ín-rín sí i ni ìyà yìí ń pọ̀ sí i. Ẹ wá rò ó wò pé ọ̀nà kan wà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò ti lè pẹ̀yìn dà. Kì í ṣe pé pípẹ̀yìn dà nira fún un o, kò sí àyè rẹ̀ rárá ni.

Kí wọ́n tó lè wá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nínú abala, ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé abala tó nípọn tó átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lè dá wà. Ní 2004, Andre Geim àti Konstantin Novoselov ní Yunifásítì Manchester mú gráfáìtì, èyí tó wà nínú pẹ́ńsù, wọ́n ń fi sẹ́lótéèpù bó o léraléra títí ó fi ku ìpele kan. Graphene nìyẹn, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2010. Átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tò ní onígun mẹ́fà mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di mẹ́ta tó yí i ká mú. Bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kábọ́ọ̀nù ní tó fi ń so mọ́ ẹlòmíràn. Mẹ́ta ti lọ síbi àsopọ̀ ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀kẹrin dúró lóòró, ìdajì rẹ̀ lókè abala, ìdajì nísàlẹ̀. Ẹ fi ẹ̀kẹrin yìí sọ́kàn, nítorí òun ló ń gbé iná nínú graphene, òun náà sì ni kẹ́míkà lè wá mú lọ.

Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú nǹkan líle kì í ní iye agbára tó bá ṣáà ti wù ú. Àwọn ìwọ̀n kan wà tí a gbà á láyè láti ní. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kankan kò lè wà níbẹ̀. Nínú ohun tí kì í gbé iná, bíi díńgí, ìwọ̀n ìsàlẹ̀ ti kún dẹ́nu, ti òkè ṣófo, àlàfo sì wà láàárín méjèèjì. Àlàfo yẹn ni kì í jẹ́ kí iná kọjá. Wọ́n ń fi eV wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Ooru inú yàrá lásán tó nǹkan bí 0.025 eV, nítorí náà bí àlàfo bá kéré ju ìyẹn lọ, ooru nìkan ti tó láti ju ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sódì kejì. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi gbà pé fífẹ̀ àlàfo nìkan ló fi ohun kan tí kì í gbé iná yàtọ̀ sí òmíràn. Tọpọ́lọ́jì, ẹ̀ka ìṣirò tó ń wo ohun tí fífà àti títẹ̀ kò lè yí padà, ló wá fi hàn pé ohun méjì lè ní àlàfo tó fẹ̀ bákan náà, kí inú wọn má sì rí bákan náà.

Aṣọ òkè ló máa jẹ́ kí èyí yé wa. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn kì í hun aṣọ òkè ní fífẹ̀ gbàràmù. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tó fẹ̀ tó nǹkan bí ínṣì mẹ́rin, lẹ́yìn náà ni télọ̀ á wá rán ọ̀já mọ́ ọ̀já. Ẹ gé irú ọ̀já bẹ́ẹ̀ kan tó gùn tó apá, ẹ mú orí rẹ̀ méjèèjì pàdé, ẹ rán wọn pọ̀. Ó di òrùka. Ẹ tún gé ọ̀já kejì, àmọ́ kí ẹ tó rán tiẹ̀, ẹ yí orí kan dà kí ojú aṣọ lè pàdé ẹ̀yìn. Òun náà di òrùka. Òwú kan náà ni, àwọ̀ kan náà, gígùn kan náà, ahunṣọ tó hun ún gan-an kò ní rí ìyàtọ̀ lára òwú rẹ̀. Ẹ wá fi ìka tọ ojú òrùka àkọ́kọ́ lọ: ẹ ó padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ láìfọwọ́ kan ẹ̀yìn aṣọ rí. Ẹ fi ìka tọ èkejì: bí ẹ bá yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ máa bá ara yín, ó di ẹ̀ẹ̀kejì kí ẹ tó dé ojú tí ẹ ti kúrò. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ láró, ẹ fà á títí, lílọ́ yẹn kò ní kúrò. Sísọ́ọ̀sì nìkan ló lè mú un kúrò. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lẹ yí orí ọ̀já dà kí ẹ tó rán an, ìka yín á padà sí ojú tó ti kúrò lẹ́yìn ìyíká kan. Ohun tó ń ṣe ìyàtọ̀ ni bóyá iye ìgbà tí ẹ yí i dà ṣeé pín sí méjì dọ́gba tàbí kò ṣeé pín.

Ìgbì ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú abala, ìgbì yẹn sì ní òrùka tirẹ̀. Bí a bá tọ̀ ọ́ gba gbogbo ìyára àti gbogbo ìhà tó lè gbà rìn, tí a fi padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, ó lè padà láìlọ́, ó sì lè padà ní lílọ́. Afẹ́fẹ́ tó yí abala ká kò lọ́. Bí inú abala bá wá lọ́, tí ìta kò lọ́, nǹkan kan gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ní ààlà àwọn méjèèjì, nítorí ọ̀já tó lọ́ kò lè di èyí tí kò lọ́ láìjẹ́ pé sísọ́ọ̀sì kàn án. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àlàfo ń dí. Ní etí yẹn, àlàfo gbọ́dọ̀ dí, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ rọ́nà gbà. Kò sí ẹni tó kun ohun kan sí etí kó tó máa gbé iná. Àìdọ́gba inú àti ìta ló fi dandan lé e. Bí ẹ bá sì fi abẹ gé etí náà dànù, etí tuntun tí abẹ ṣí sílẹ̀ ni iná á tún máa gbà.

Irú ìrònú yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1980, Klaus von Klitzing fi mágnẹ́ẹ̀tì ńlá àti òtútù líle dán ìpele ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan wò, ó sì bá ìdènà iná kan pàdé tó ń tẹ̀lé iye 25,812.8 ohm láìbìkítà fún ìdọ̀tí tó wà nínú ohun tó ń wọ̀n. David Thouless wà lára àwọn tó ṣàlàyé pé tọpọ́lọ́jì ló wà nídìí rẹ̀. Ní 1988, Duncan Haldane fi ìṣirò hàn pé abala onígun mẹ́fà lè ṣe irú rẹ̀ láìsí pé a gbé mágnẹ́ẹ̀tì ńlá lé e. Thouless, Haldane àti Michael Kosterlitz ló jọ gba Nobel físíìsì ti 2016.

Etí tí à ń wí yìí wá ní òfin kan tó dùn mọ́ mi. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní ìyípo tirẹ̀, tó lè kọjú sókè tàbí kó kọjú sísàlẹ̀. Ní etí abala tó lọ́, àwọn tó kọjú sókè ń gba ọ̀tún lọ, àwọn tó kọjú sísàlẹ̀ ń gba òsì. Èyí tó bá fẹ́ pẹ̀yìn dà gbọ́dọ̀ yí ìyípo rẹ̀ dà. Ká sọ pé ó bá ìdọ̀tí pàdé lọ́nà. Ọ̀nà méjì ló lè gbà yíjú padà lára ìdọ̀tí náà: ìyípo rẹ̀ lè gba ọwọ́ ọ̀tún yí, ó sì lè gba ọwọ́ òsì yí. Torí pé ìgbì ni, ó ń gba ọ̀nà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì jẹ́ ìyíká kan gbáko, ìyípo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì rí gẹ́lẹ́ bí ìka yín lórí ọ̀já tó lọ́: bó bá yí ká lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn ló bá ara rẹ̀. Ìgbì kan á wá ní àmì ìròpọ̀, èkejì á ní àmì ìyọkúrò, wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Ohun tó kù fún pípẹ̀yìn dà jẹ́ òdo. Ìdí nìyẹn tí ìdọ̀tí kò fi lè dá a padà, àfi ìdọ̀tí tó bá jẹ́ mágnẹ́ẹ̀tì, tó lè fúnra rẹ̀ yí ìyípo náà dà.

Charles Kane àti Eugene Mele, ní Yunifásítì Pennsylvania, ló kọ́kọ́ sọ ní 2005 pé irú etí bẹ́ẹ̀ yẹ kó wà lára graphene. Ohun tó ń lọ́ ìgbì ni ìdè tó wà láàárín ìyípo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti rírìn tó ń rìn yí ọkàn átọ́ọ̀mù ká. Bí ọkàn átọ́ọ̀mù bá ṣe wúwo tó ni ìdè yìí ṣe ń lágbára tó, kábọ́ọ̀nù sì fúyẹ́ púpọ̀: nọ́ńbà 6 ni. Nígbà tí àwọn kan wá wọn àlàfo náà nínú graphene, nǹkan bí 0.00004 eV ni wọ́n bá, ooru yàrá sì fi nǹkan bí ìlọ́po 600 jù ú lọ. Ooru díẹ̀ báyìí ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ibòmíràn ni ẹ̀rí ti kọ́kọ́ jáde. Andrei Bernevig, Taylor Hughes àti Shoucheng Zhang ṣírò rẹ̀ ní 2006 ní Stanford pé bí ìpele mákíúrì àti tẹ̀lúríọ̀mù tí wọ́n há sáàárín nǹkan mìíràn bá nípọn ju nǹkan bí nanómítà 6.3 lọ, á lọ́. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kò ní lọ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ Laurens Molenkamp ní Würzburg, ní Jámánì, ṣe é, wọ́n wọ̀n ọ́n, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ inú òtútù tó sún mọ́ òpin òtútù ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kò sì sí ẹni tó lè máa gbé irú òtútù yẹn kiri nínú àpò. Átọ́ọ̀mù tó wúwo, tí àlàfo rẹ̀ sì fẹ̀ ju ooru yàrá lọ dáadáa, ni wọ́n wá ń wá. Nínú ìlà tí kábọ́ọ̀nù wà lórí tábìlì àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì, bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, a ó bá sílíkọ́nù, nọ́ńbà 14, jámáníọ̀mù, 32, lẹ́yìn náà tánganran, 50.

Ibí yìí ni kẹ́mísírì ti wọlé, ibẹ̀ náà ni mo sì ti fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀.

Stanene lásán, láìfi ohunkóhun lẹ̀ mọ́ ọn, kì í tẹ́jú. Átọ́ọ̀mù tánganran tóbi, àsopọ̀ wọn gùn, nítorí náà ọ̀kan á yọ sókè díẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e á rì sísàlẹ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tò lọ. Ìṣirò fún un ní àlàfo tó tó 0.1 eV. Ní 2013, Yong Xu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Shoucheng Zhang àti Wenhui Duan wà lára wọn, tẹ ìwé jáde tó bèèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí a bá fi flúórìnì bò ó lójú àti lẹ́yìn. Flúórìnì kì í fi ebi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣeré. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù fún un kó tó yó. Bí wọ́n bá gbé e dé ara tánganran, ẹ̀kẹrin tó dúró lóòró ló máa gbá mú. Átọ́ọ̀mù tó yọ sókè á gba flúórìnì tirẹ̀ lókè, èyí tó rì á gba tirẹ̀ nísàlẹ̀, títí abala á fi bò tán.

Ẹ̀kẹrin ti bá flúórìnì lọ nìyẹn. Agbára rẹ̀ ti jìnnà sí ibi tí àlàfo wà, kò sí lára àwọn tó ń pinnu ọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn tó sùn gbalaja nínú abala, tó ń so tánganran mọ́ tánganran, ló wá bọ́ síwájú. Méjì nínú ìgbì wọn sì pààrọ̀ ipò: èyí tó yẹ kó wà lókè rì sísàlẹ̀ èkejì. Ìpààrọ̀ yẹn ni lílọ́. Nítorí pé àwọn tó sùn nínú abala máa ń gba ìdè ọkàn átọ́ọ̀mù tó wúwo tààrà, tí kò dín kù lọ́nà, àlàfo fẹ̀ tó 0.3 eV, ìyẹn ìlọ́po méjìlá ooru yàrá. Tánganran kò yí padà. Átọ́ọ̀mù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ló pinnu àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó máa sọ̀rọ̀ àti àwọn tó máa dákẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ohunkóhun tí a bá ti lẹ̀ ló ń mú lílọ́ wá, ẹ wo graphene. Ní 2009, ní Manchester kan náà, wọ́n fi háídrójìn lẹ̀ mọ́ ọn. Abala tó ń gbé iná tẹ́lẹ̀ ṣíwọ́ gbígbé iná. Nígbà tí wọ́n wá yáná sí i, háídrójìn kúrò, ó sì tún padà ń gbé iná. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n fi flúórìnì ṣe irú rẹ̀. Àlàfo ṣí gbayawu nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n lílọ́ kankan kò sí nínú wọn. Òrùka tí kò lọ́ ni, kò sì sí ohun tó fi dandan lé etí rẹ̀ pé kó gbé iná.

Jámáníọ̀mù ló wà láàárín, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló sì jinlẹ̀ jù lójú mi. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, ẹgbẹ́ Joshua Goldberger mú òkúta kan tí kálísíọ̀mù há sáàárín àwọn abala jámáníọ̀mù nínú rẹ̀, wọ́n rì í bọ inú ásíìdì tó tutù nini. Ásíìdì yọ kálísíọ̀mù lọ, ó fi háídrójìn rọ́pò rẹ̀ lára jámáníọ̀mù, àwọn abala sì wá ṣeé bó lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 2013. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn oníṣirò mú abala jámáníọ̀mù yìí, wọ́n ń pààrọ̀ ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn: háídrójìn, flúórìnì, klóríìnì, brómíìnì, áyódíìnì. Pẹ̀lú mẹ́rin àkọ́kọ́, kò lọ́. Pẹ̀lú áyódíìnì, ó lọ́, àlàfo rẹ̀ sì tó 0.3 eV. Àwọn mẹ́rin yẹn gan-an, bí a bá fa abala wọn kí átọ́ọ̀mù rẹ̀ túbọ̀ jìnnà síra, wọ́n á lọ́. Ààlà tó wà láàárín lílọ́ àti àìlọ́ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀: abala kan náà ni, irú átọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti bó ṣe fà tó ló ń ti í sódì kan tàbí òdì kejì. Àwọn tó ń wo kẹ́mísírì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kíkùn lásán níbí kò tíì wò ó dáadáa.

Iṣẹ́ ọwọ́ ò rọrùn tó ìṣirò. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn stanene ní Shanghai ní 2015, lórí òkúta tí wọ́n fi bísímọ́ọ̀tì àti tẹ̀lúríọ̀mù ṣe, abala náà dúró, ó hàn, ṣùgbọ́n òkúta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bá a ṣe pọ̀ débi pé àlàfo kò sí. Irin lásán ló dà. Ilẹ̀ tí a tẹ́ abala sí náà jẹ́ kẹ́míkà. Àwọn ará Würzburg ló sọ ìṣòro yìí di irinṣẹ́.

Ní 2017, ẹgbẹ́ Ralph Claessen níbẹ̀ mú òkúta sílíkọ́nù kábáìdì, tí háídrójìn bo ojú rẹ̀, wọ́n ń yáná sí i kí háídrójìn lè ká kúrò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ooru bísímọ́ọ̀tì fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Bísímọ́ọ̀tì, nọ́ńbà 83, wà lára àwọn átọ́ọ̀mù tó wúwo jù tí ènìyàn lè fọwọ́ mú láìséwu. Ó bà lé òkúta náà, ó tò ní onígun mẹ́fà mẹ́fà, ó sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àṣírí rẹ̀ ni pé bísímọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan na èyí tó dúró lóòró lára rẹ̀ sísàlẹ̀, ó fi di sílíkọ́nù mú. Iṣẹ́ tí flúórìnì ì bá ṣe, ilẹ̀ ló ṣe é. Àwọn tó sùn nínú abala ló tún ṣẹ́kù, pẹ̀lú ọkàn átọ́ọ̀mù tó wúwo gan-an lẹ́yìn wọn, àlàfo náà sì tó 0.8 eV, ìlọ́po tó ju 30 lọ ti ooru yàrá.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà rí etí náà yẹ ní sísọ. Irinṣẹ́ tí Gerd Binnig àti Heinrich Rohrer ṣe ní Zürich ní 1981 ni wọ́n lò. Abẹ́rẹ́ kan wà lórí rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú débi pé átọ́ọ̀mù kan ló wà ní ìkangun. Wọ́n ń sún un mọ́ abala láìjẹ́ kó kàn án, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á sì máa ré kọjá láàárín. Bí wọ́n bá dá abẹ́rẹ́ dúró lójú kan, tí wọ́n ń yí fóltéèjì padà díẹ̀díẹ̀, iye tó ń ré kọjá á sọ fún wọn ìwọ̀n agbára tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lè ní níbẹ̀. Láàárín bismuthene, orúkọ tí abala bísímọ́ọ̀tì yìí ń jẹ́, bí fóltéèjì bá ti wọ inú àlàfo, kò sí ohun tó ń ré kọjá: òdo, òdo, òdo, títí wọ́n fi jáde lódì kejì. Wọ́n wá ń gbé abẹ́rẹ́ lọ síbi tí abala ti pin, ní bèbè àtẹ̀gùn òkúta. Bó ṣe kù díẹ̀ kó dé etí, kò tó nanómítà kan mọ́, òdo yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ní etí gan-an, àlàfo ti kún fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù látòkè délẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí ṣe ìlérí tó ju ara rẹ̀ lọ. Rírí tí abẹ́rẹ́ rí etí yàtọ̀ sí kí a fi wáyà sí i kí iná máa gbà á. Ọ̀nà etí fúnra rẹ̀ ní ìdènà tó tó nǹkan bí 12,900 ohm níbi tó ti pàdé wáyà bí ọ̀nà méjì bá jọ ń gbé e, ibẹ̀ ni ooru á sì ti jáde. Ẹni tó bá ní kò ní sí ooru rárá kò sọ òtítọ́ tán. Gígùn náà ń dà á láàmú: nínú iṣẹ́ Würzburg ti 2007, etí tó gùn ní máíkírómítà kan fún wọn ní iye tí ìṣirò sọ, èyí tó gùn tó 20 kò fún wọn. Ní 2018, àwọn tó wà ní MIT, ní Amẹ́ríkà, gbé iná gba etí abala tọ́ńgísítìnì àti tẹ̀lúríọ̀mù, ó sì dúró títí dé ìwọ̀n òtútù 173 lábẹ́ òdo. Ìtẹ̀síwájú ńlá ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì jìnnà sí ọjà Ìkẹjà.

Ohun tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ka físíìsì àti kẹ́mísírì mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ 2013 lórí flúórìnì àti iṣẹ́ 2014 lórí áyódíìnì. Irú ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò bẹ́ẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́. Quantum ESPRESSO jẹ́ ọ̀kan. Láti 2010 ni ilé ẹ̀kọ́ ASESMA ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Áfíríkà jọ láti kọ́ wọn, ní Cape Town, ní Eldoret, ní Johannesburg, ní Accra lọ́dún 2016, ní Addis Ababa. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀, tó ní kọ̀ǹpútà tó dáa àti iná tí kì í lọ, lè mú abala kan lónìí, kó yan átọ́ọ̀mù tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, kó sì ṣírò rẹ̀ bóyá á lọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú abala bẹ́ẹ̀ ló wà, mi ò sì rò pé ó yẹ kó jẹ́ pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni á máa ṣírò wọn, pàápàá èyí tó jẹ́ pé ilẹ̀ wa ni wọ́n ti wa irin rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló wá kù, òun sì ni ọ̀tá tó le jù. Stanene àti bismuthene tí mo dárúkọ, inú ìkòkò irin tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán ni wọ́n ti ṣe wọ́n, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wò wọ́n. Ọ́síjìn náà lebi ń pa, á sì lẹ̀ mọ́ abala láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí flúórìnì ṣe lè mú lílọ́ wá, ọ́síjìn lè mú un lọ. Ní Würzburg, wọ́n wá ọgbọ́n kan dá sí èyí pẹ̀lú íńdíọ̀mù, irin kan tí wọ́n ti fi ṣe abala tó lọ́ lórí sílíkọ́nù kábáìdì ní 2021. Dípò kí wọ́n tẹ́ ẹ síta, wọ́n kọ́kọ́ hu graphene lórí òkúta náà, wọ́n wá jẹ́ kí átọ́ọ̀mù íńdíọ̀mù yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tò sáàárín òkúta àti graphene. Ní 2024 wọ́n ròyìn pé wọ́n gbé e jáde sínú afẹ́fẹ́ lásán, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, abala íńdíọ̀mù náà kò sì bàjẹ́. Graphene tí lílọ́ tirẹ̀ kò lágbára tó láti wúlò ló wá ń bo ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tó wà níwájú wọn báyìí ni ti wáyà: bí irin ṣe máa kan etí tí kò fẹ̀ ju nanómítà kan lọ, nígbà tó jẹ́ pé irin náà, bíi flúórìnì, bíi ọ́síjìn, jẹ́ átọ́ọ̀mù tó máa lẹ̀ mọ́ ohun tó bá kàn.